Adìẹ Inú Pálọ̀ Wolé-wolé

Kò sí ẹni tó mọ Oyèníran ní Ẹ̀jìgbò tí kò mọ̀ pé adìẹ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Tanwíjí inú ìkòkò omi ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́. Iṣẹ́ wolé-wolé ló fi gbogbo agbára ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn láti Ẹ̀jìgbò dé Ará, láti Ará dé Ìsundunrin, nínú ṣòkòtò kákí péńpé tí wọ́n ti fi sítáàsì sí títí tó fi gan bíi pátákó. Bó bá wọ agbo ilé kan, kí ó tó kí àwọn àgbà tán, ojú rẹ̀ ti wà lábẹ́ àga. Bó bá rí ìgbẹ́ adìẹ nínú yàrá tàbí nídìí ààrò, sàmáǹsì ni. Obìnrin kan á ní òjò ló lé e wọlé, òmíràn á ní ó ń sàba ni, òmíràn á ní ara rẹ̀ ni kò yá. Èsì kan ṣoṣo ni Oyèníran ní fún gbogbo wọn.

"Àwáwí kì í pa kòkòrò àrùn."

Nígbà tí ìjọba sójà gbé òfin Sátidé ìmọ́tótó jáde, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oníkálukú gbálẹ̀ àyíká rẹ̀, Oyèníran ti fẹ̀yìn tì. Ó dùn ún dé egungun. Òfin tó ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà èwe ló wá dé yìí, aṣọ iṣẹ́ kò sì sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Ará, tí yóò máa sọ fún àwọn tó ń kọjá ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe nípa gọ́tà wọn.

Orí ìjókòó yẹn ló wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó adìẹ bọ̀ láti Ará kó sínú kòtò tó wà níwájú ilé rẹ̀. Ọkọ̀ náà fò sókè, ó balẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Awakọ̀ kò mọ̀ pé àgò adìẹ kan ti já bọ́ lẹ́yìn òun. Àgò fọ́, adìẹ tú ká sójú títì.

Àánú ṣe gbogbo àdúgbò. Kò sí ilé tí èèyàn kò ti sáré jáde wá ṣèrànwọ́. Ẹnìkan gbé akọ kan sábẹ́ ìró, ó ní òun fẹ́ lọ fún un lómi mu. Ẹnìkan gbá méjì mọ́ra, ó ní kí oòrùn má baà pa wọ́n. Bàbá kan tí kò lè dìde kí èèyàn nítorí ẹsẹ̀ dídùn lé àgbébọ̀ kan títí wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ó sì mú un. Oyèníran dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ ṣọ́ra o. Adìẹ tó bá já bọ́ láti orí ọkọ̀, a kì í jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ lè ti fọ́. Ẹran tí ara rẹ̀ kò bá dá, ọ̀nà méjì ló ní: ká wò ó sàn, tàbí ká sin ín. Ẹni tó bá sè é jẹ, àrùn ló sè jẹ."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí ọwọ́ wọn dí. Kí awakọ̀ tó mọ̀, kí ó tó yí padà, adìẹ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Àgbébọ̀ ni, ìyẹ́ rẹ̀ rí tó-tò-tó bíi ti ẹtù. Inú gọ́tà Oyèníran gan-an ló já sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ti kán, ó ń fì dirodiro, egungun yọ díẹ̀ lójú egbò. Kì í ṣe pé àánú tirẹ̀ kò ṣe àwọn èèyàn. Wolé-wolé ló dúró tì í tó ń wò wọ́n lójú.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wo àgò tó fọ́, ó wo ojú àwọn èèyàn.

"Ẹ̀yin ará ibí, adìẹ mi dà?"

"Wọ́n sá wọgbó," ni obìnrin kan wí. Ìró rẹ̀ ń mira díẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

"Adìẹ ìsinsìnyí yára púpọ̀," ni bàbá ẹlẹ́sẹ̀ dídùn fi tì í lẹ́yìn. Èémí rẹ̀ kò tíì wálẹ̀.

Awakọ̀ náà mi orí. Ó wo adìẹ inú gọ́tà, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi èyí se ọbẹ̀. Kò ní bá mi dé Ìbàdàn láàyè." Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Mosúnmọ́lá, ìyàwó Oyèníran, ti dìde kí awakọ̀ tó sọ̀rọ̀ tán. Omi ti wà lórí iná, ó sì ti ń ronú ata. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n ń wo ọkọ rẹ̀. Láti òdìkejì títì, Fàsílátù fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, ó pẹ́ ní Àbíjàn kó tó padà wálé, èyí ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ìyá Àbíjàn. Oyèníran ti mú kí ó wó ilé adìẹ rẹ̀ lulẹ̀ nígbà kan, ọ̀sẹ̀ tí Oyèníran fẹ̀yìn tì gan-an ló sì tún un kọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ ni?"

Oyèníran wo adìẹ. Ó wo àwọn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Màá wò ó sàn," ló wí.

Mosúnmọ́lá lọ gbé omi kúrò lórí iná.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Oyèníran fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá bíi dókítà, ó ní kí ìyàwó òun náà fọ tirẹ̀. Mosúnmọ́lá di adìẹ náà mú, ó fi etí aṣọ bò ó lójú kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Wọ́n fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ojú egbò. Oyèníran fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí egungun fi padà sáàyè rẹ̀, adìẹ ń gbọ̀n, òógùn sì ń bọ́ lójú òun náà. Ó la ọparun sí pẹ́lẹ́bẹ́, ó fi òwú tẹ́ inú rẹ̀, ó wá wá aṣọ tí yóò fi dì í. Ó wọ yàrá, ó mú ṣòkòtò kákí rẹ̀ kan jáde, ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣòkòtò ìjọba nìyẹn, Bàbá Abíọ́nà," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Ìjọba ò ní béèrè rẹ̀ mọ́."

Ó dì í dáadáa. Ó tilẹ̀ dì í jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ adìẹ ti wú, wọ́n sì tutù. Mosúnmọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹsẹ̀ lẹ ní kí ẹ dì, ẹ̀mí rẹ̀ lẹ dì yìí." Wọ́n tú u, wọ́n tún un dì kí ó dẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi oògùn olómi aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò ọmọdé kun ibi tó bó.

Ibi tí yóò máa gbé ló wá di ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi í síta, àṣá ń bẹ. Ewúrẹ́ ń bẹ. Àwọn aláàánú àdúgbò náà ń bẹ. Ilé ìdáná kò ṣeé ronú sí. Èèyàn mélòó ni Oyèníran ti pè lẹ́jọ́ lórí adìẹ ilé ìdáná. Níkẹyìn, ó wá páálí kan, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ó gbé adìẹ lé e, ó sì gbé páálí náà sí igun pálọ̀, lẹ́yìn àga rẹ̀, lábẹ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi gíláàsì bò.

Mosúnmọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Pálọ̀ ni, Bàbá Abíọ́nà?"

"Kì í ṣe adìẹ ni o rí yìí. Aláìsàn ni."

"Aláìsàn tó ń yàgbẹ́ sórí ìwé ìròyìn."

"Ta ni kì í yàgbẹ́ nínú àwọn aláìsàn?"

Láti ọjọ́ náà, ó ti fèrèsé iwájú pa, ó sì ń sọ fún àlejò pé òun ń kun pálọ̀. Ó ń rẹ àgbàdo sómi, ó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó ń fi ṣíbí fún adìẹ lómi. Tàárọ̀-tìrọ̀lẹ́ ló ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn, kò sì jẹ́ kí Mosúnmọ́lá bá òun ṣe é, torí ó ní kì í ká a dáadáa. Bó bá ti wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, adìẹ á dáhùn láti inú páálí, kúrú-kúrú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mosúnmọ́lá gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. Ó yọjú. Ìròyìn rédíò ló ń ṣàlàyé fún adìẹ, ibi tó kan iye owó oúnjẹ tó ń gbówó lórí. Mosúnmọ́lá yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ kò tíì ṣàlàyé ìròyìn fún òun rí.

Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé adìẹ náà ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tó ń gbé. "Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o," ni wọ́n máa ń kí i bí wọ́n bá ń kọjá, wọn á sì rìn síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Oyèníran á dáhùn pé ó ń gbádùn. Ó rò pé wọ́n ń kí òun tọkàntọkàn ni.

Báyìí ni Sátidé ìmọ́tótó dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́látitó ni wolé-wolé tuntun tó ń bójú tó ọ̀nà Ará. Ọ̀dọ̀ Oyèníran ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì fi í pamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti bá èèyàn wí láti ilé dé ilé, ó ti rí gọ́tà tó dí, ó ti rí ìkòkò tó kún fún tanwíjí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé iwájú ilé Oyèníran, tó rí bí ilẹ̀ ti mọ́ tí gọ́tà ń dán, inú rẹ̀ dùn. Ó yíjú sí àwọn tí wọ́n ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Gbogbo yín, ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá wo bí wọ́n ti ń tọ́jú ilé. Ẹ̀yin kàn ń gbá ìta. Ẹ wá wo inú ilé ọ̀gá mi."

Kò tíì sí àṣẹ ìjọba tí wọ́n tètè tẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà. Wọ́n tẹ̀ lé e wìtìwìtì. Oyèníran bá wọn lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì ká igi ilẹ̀kùn.

"Bọ́látitó, o káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yìnkùlé ni kí o kọ́kọ́ wò. Inú mọ́."

"Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ó mọ́. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí."

"Ọ̀dà kò tíì gbẹ."

Bọ́látitó fa imú. Ó wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ lára igi ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá di ilẹ̀kùn mú, kì í ṣe ilẹ̀kùn ló ń ṣọ́."

Lẹ́sẹ̀kan náà, adìẹ inú páálí yé ẹyin. Ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣèṣe ni, kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ àṣírí. Ó ké, ó tún ké, ó ń pariwo kẹ-kẹ-kẹ-kẹ̀ẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ilé ń jó. Ọwọ́ Oyèníran bọ́ lára igi ilẹ̀kùn.

Bọ́látitó wọlé. Ó rí páálí, ó rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi kákí dì, ó rí ẹyin. Ó gbójú sókè, ó rí ìwé ẹ̀rí inú gíláàsì. 

"Ara rẹ̀ ni kò yá," ni Oyèníran wí.

Ẹnìkan lójú fèrèsé tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn, wọ́n sì gbé e láti ẹnu dé ẹnu títí ó fi dé títì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún, ó ń bọ̀ wọlé. Bàbá ẹlẹ́sẹ̀ dídùn tún kó ara rẹ̀ jọ, ó gba àárín èrò kọjá, ó sì fi ohùn àgbà sọ̀rọ̀.

"Ìyá wolé-wolé, òfin kò mojú ẹnìkan. Bí wọ́n bá ti rí adìẹ nílé èmi, sàmáǹsì ni. Kí òdodo lékè."

"Kí òdodo lékè," ni gbogbo wọn wí.

Ojú Bọ́látitó pọ́n. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, níbo ni adìẹ yìí ti wá?"

"Ó já bọ́ nínú ọkọ̀ kan, níwájú ilé níbí. Odindi àgò ló já. Olówó ẹ̀ ní kí n máa mú un."

"Odindi àgò. Àwọn tó kù ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ bi àwọn tó wà lójú fèrèsé. Àánú adìẹ ṣe wọ́n lọ́jọ́ náà ju báyìí lọ."

Ẹnìkan rántí pé òun kò tíì kó ìdọ̀tí gọ́tà òun. Òmíràn ní kò yẹ kí èèyàn máa rìn kiri lákòókò ìmọ́tótó, òfin kọ̀ ọ́. Bàbá tó fẹ́ kí òdodo lékè ní ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun, ó sì lọ kíákíá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lójú títì láti òpin kan dé èkejì. Àdúgbò náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fàsílátù nìkan ló dúró, ó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bọ́látitó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò lè pè yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n adìẹ yìí kò lè sùn níbí lónìí. Kí ó ti jáde kí oòrùn tó wọ̀."

Oyèníran jókòó sórí àga. "Ó tọ́," ló wí. "Bó ṣe yẹ kí o sọ ọ́ nìyẹn. Ò bá tilẹ̀ fi ohùn líle sí i díẹ̀." Ó bojú wo páálí, ojú rẹ̀ sì ṣú.

Nígbà tí Bọ́látitó lọ tán, Fàsílátù ní, "Àyè wà nílé adìẹ mi."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, Oyèníran gbé páálí mọ́ àyà, ó sọdá títì lójú gbogbo ayé. Fàsílátù pàdé rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Dúsìmáà," ló wí, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní Àbíjàn. "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò mọ̀ bóyá kòkòrò iná wà lára rẹ̀."

"Iná? Lára adìẹ tèmi?"

"Gbogbo ẹni tó bá ní adìẹ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó ṣí ìyẹ́ rẹ̀ wò lábẹ́ apá, nídìí ìrù, kò yára rárá. Oyèníran dúró bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. "Ó mọ́," ni Fàsílátù wí níkẹyìn. "Ẹ ṣáà rántí pé ẹ ní kí n wó ilé adìẹ yìí nígbà kan."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń rùn nígbà náà."

Fàsílátù rò ó wò. "Ó ń rùn lóòótọ́," ló wí. "Ẹ gbé e wọlé."

Oyèníran kò lè jìnnà síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń lọ, ó ń wo egbò, ó ń gbá ilẹ̀ ilé adìẹ náà mọ́ torí pé aláìsàn ń bẹ nínú rẹ̀, ó sì ń bá àwọn adìẹ Fàsílátù wí lórí bí wọ́n ti ń da omi nù. Fàsílátù kò dá a lẹ́kun. Kò tíì gba òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó mọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí egungun jinná, wọ́n tú ọparun kúrò. Adìẹ dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìgbà pípẹ́, ó ń ronú. Nígbà tó yá, ó gbé èkejì sílẹ̀, ó sì tiro lọ síbi tí àgbàdo wà. Oyèníran yíjú sí ògiri, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Fàsílátù wo ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, kò sì bá a jiyàn.

Nígbà òjò, adìẹ náà sàba, ó sì pa ọmọ. Ìròyìn dé etí Oyèníran nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ó fi òkèlè sílẹ̀, ó sọdá títì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà, ó lóṣòó, ó na ọwọ́ sáàárín àwọn ọmọ náà láti kà wọ́n. Ìyá wọn kò wo ojú ẹnìkankan. Ó gbọn ìyẹ́ sókè, ó fò mọ́ ọn, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tì í, ó sì ṣá a lẹ́yìn ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Oyèníran padà sílé, ó di ọwọ́ mú. Mosúnmọ́lá béèrè ohun tó ṣe é, ó sọ ọ́. Mosúnmọ́lá gbé omi iyọ̀ wá, ó ń fọ ojú ibẹ̀, ó sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Kò dá mi mọ̀," ni Oyèníran wí.

"Ó dá yín mọ̀. Ọmọ ló ní báyìí."

Oyèníran tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà rí bó ti jinlẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ tó fi tì mí yẹn, èyí tó kán ni."

"Mo gbọ́."

"Ó le dáadáa."

Mosúnmọ́lá so aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oyèníran jókòó sídìí oúnjẹ tó ti tutù, ó ní kí ó bá òun gbé e kaná díẹ̀, kí ó sì fi ẹja kan sí i.